Ilé Olóògbé ní Preston: Lámèyítọ́ Àwo Orin Courtney Barnett

Àwọn méjì kan ń wá ilé rà. Owó ilé nítòsí àárín ìlú Melbourne ti kọjá agbára wọn, ni wọ́n bá gba ọ̀nà àríwá lọ sí Preston, àdúgbò tí wọn kì bá tí yà sí ká ní owó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti ń ro ti kọfí tí wọn yóò máa fọwọ́ ara wọn pò nílé, nítorí pé ṣọ́ọ̀bù kọfí kò pọ̀ lọ́hùn-ún. Ejẹ́ǹtì ṣílẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka dídára ilé náà fún wọn. Àfi bí ọ̀kan nínú wọn ṣe rí irin ìdìmú tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ilé ìwẹ̀. Ó tún rí àwọn agolo tí wọ́n ń kó tíì àti ìyẹ̀fun sí, ó rí fọ́tò ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ọkọ̀, ní ilẹ̀ Vietnam. Ìgbà náà ló tó wọ̀ ọ́ lára pé ilé olóògbé ni àwọn wà. Láti ìgbà náà lọ, ọ̀rọ̀ ejẹ́ǹtì kò wọ̀ ọ́ létí mọ́.

Bí ìtàn inú "Depreston" ṣe lọ nìyẹn. Òun ni orin karùn-ún nínú àwo tí Courtney Barnett gbé jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2015, tó pè ní Sometimes I Sit and Think, and Sometimes I Just Sit. Orin 11 ló wà nínú àwo náà, nǹkan bí ìṣẹ́jú 43 ló sì gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú gbogbo àwo tí mo ti gbọ́ láti Ọsirélíà, kò sí èyí tó fi ìgbé ayé ojoojúmọ́ àwọn ará ibẹ̀ hàn mí tó eléyìí. Ohun tó sì fún un lágbára ni pé olórin náà kì í fojú fo ohun kékeré. Ibi tó bá ti tẹjú mọ́ nǹkan ni orin rẹ̀ ti ń mọ́lẹ̀, ibi tó bá sì ti gbójú kúrò, orin á rẹ̀wẹ̀sì.

Sydney ni wọ́n bí i sí ní 1987. Nígbà tó di ọ̀dọ́langba, wọ́n kó lọ sí Hobart ní erékùṣù Tasmania, níbi tó ti kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì kó tó wá tẹ̀dó sí Melbourne. Ó ta ọtí ní Northcote Social Club, ilé ọtí tí àwọn olórin máa ń ṣeré nínú gbọ̀ngàn ẹ̀yìn rẹ̀. Ní 2012 ó dá Milk! Records sílẹ̀ láti máa fi gbé orin ara rẹ̀ àti ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde, ilé iṣẹ́ kékeré tó ṣiṣẹ́ títí di 2023. Ọwọ́ òsì ló fi ń ta gìtá, ìka lásán ló sì fi ń ta á.

Kò yà mí lẹ́nu pé ilé ọtí ni irú olórin báyìí ti jáde wá. Ní Ọsirélíà, ilé ọtí àdúgbò ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin ti ń kọ́ṣẹ́: pèpéle tí kò ga, èrò tó dúró sún mọ́ olórin débi pé wọ́n ń rí ìka rẹ̀ lórí okùn gìtá, ẹni tó ń ṣeré lálẹ́ òní sì lè jẹ́ ẹni tó ta ọtí fún ọ lánàá. Ọ̀rọ̀ náà ká àwọn ará Melbourne lára gan-an. Nígbà tí òfin ìwé àṣẹ ọtí mú kí The Tote, ilé ọtí àwọn olórin ní Collingwood, ti ìlẹ̀kùn ní oṣù Kìíní 2010, kò pẹ́ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn fi tú sí ojú títì láti fẹ̀hónú hàn. The Tote ṣí padà lọ́dún náà. Mo ka ìyẹn sí ara ohun tó yẹ kí olùgbọ́ mọ̀ kó tó gbé àwo Barnett sórí ẹ̀rọ, nítorí pé orin ẹni tó mọ̀ pé aládùúgbò òun ló dúró níwájú òun ni. Kì í ṣàlàyé orúkọ òpópónà. Ó gbà pé o mọ ibẹ̀.

Ìṣọwọ́kọrin rẹ̀ bá èyí mu. Orin àti ọ̀rọ̀ sísọ ló dà pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Yóò sọ gbólóhùn gígùn kan lọ bíi pé ó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ nídìí tábìlì, kí ohùn tó gbé e lọ sókè ní ìparí. Ọjọ́ pẹ́ tí ọ̀pọ̀ olórin rọ́ọ̀kì ní Ọsirélíà ti ń yí ahọ́n padà bí ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bá ti di makirofóònù mú. Barnett kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé ló ṣe ń kọrin, fáwẹ̀lì gígùn àwọn ará Ọsirélíà sì wà lẹ́nu rẹ̀ láìfi bò.

Ọ̀nà àwítúnwí tó lò nínú "Depreston" ló jẹ́ kí n ka orin náà sí iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n. Gìtá rẹ̀ rọra ń lọ, kò sáré, kò pariwo. Nígbà tí ìtàn parí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún gbólóhùn kan ṣoṣo sọ, pé ẹni tó bá ní ìdajì mílíọ̀nù dọ́là tí kò mọ ohun tí yóò fi ṣe lè wó ilé náà kó sì kọ́ òmíràn. Nígbà àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ejẹ́ǹtì ni, ọ̀rọ̀ ọjà lásán. Bó ṣe ń tún un sọ, ó ń kúrò lọ́rọ̀ ọjà. Àwọn agolo tíì wà lójú olùgbọ́, irin ilé ìwẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin inú fọ́tò náà wà níbẹ̀. Nǹkan bí 60,000 ọmọ Ọsirélíà ni ìjọba wọn rán lọ sí ogun Vietnam, àwọn tó padà wálé sì darúgbó sí irú ilé bẹ́ẹ̀. Kí gbólóhùn náà tó dákẹ́, ó ti di orin arò fún ẹni tí olórin kò mọ orúkọ rẹ̀. Kò bú ejẹ́ǹtì, kò bú ìjọba, kò sọ pé ilé ti wọ́n. Ó kàn ń dárúkọ iye náà. Ní ìlú tí ọ̀pọ̀ ilé ti ń bọ́ sí gbàǹjo láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, tí aládùúgbò máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì láti gbọ́ iye tí wọ́n dá lé ilé alábàágbé wọn, iye owó nìkan tó ọ̀rọ̀ sọ. Ilé olówó mílíọ̀nù dọ́là kì í ṣe ìyanu mọ́ ní Preston lónìí, ìyẹn sì ti mú kí orin náà túbọ̀ wúwo ju bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde.

"Elevator Operator", tó ṣí àwo náà, fẹ́rẹ̀ẹ́ dára tó o. Ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ jẹ́ ọmọ ogún ọdún tó ń lọ síbi iṣẹ́ nínú tíráàmù nọ́ńbà 96, tí iṣẹ́ sì sú u lójú ọ̀nà. Ó já táì rẹ̀ kúrò lọ́rùn, ó gbé e fún ẹni tí kò nílé lórí, ó wá gba Nicholas Building lọ, ilé alájà mẹ́wàá tí wọ́n kọ́ ní 1926 ní òpópónà Swanston. Obìnrin olówó kan tí wọ́n jọ wà nínú lífítì rò pé ńṣe ló fẹ́ lọ bẹ́ sílẹ̀ láti orí òrùlé, ó sì ń bẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà kò sì gbèrò bẹ́ẹ̀, ìlú ló fẹ́ wò láti òkè. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé olórin kò dájọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àánú obìnrin náà jẹ́ òótọ́, àṣìlóye rẹ̀ náà jẹ́ òótọ́, ìlù sì ń dún lọ tayọ̀tayọ̀ lábẹ́ gbogbo rẹ̀.

Mi ò ní pẹ́ lórí "Dead Fox". Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ tí wọn kò fín lóògùn àti ẹran tí ọkọ̀ akẹ́rù pa sójú ọ̀nà márosẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó já fáfá, ó sì mọ ibi tó yẹ kó dúró.

"Kim's Caravan" ló yẹ ká jókòó tì. Erékùṣù Phillip Island ni ibùdó rẹ̀, níbi tí àwọn ará Melbourne máa ń lọ wo ẹyẹ pẹ́ńgúìnì àti séèlì létí òkun. Olórin rí òkú séèlì kan lórí iyanrìn. Láti ara òkú ẹran yẹn ló ti dé orí Great Barrier Reef tó ń bàjẹ́, àti orí àìlágbára ẹnì kan ṣoṣo níwájú irú ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Orin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú méje. Gìtá béèsì ló kọ́kọ́ ń rìn kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́, ìlù dara pọ̀ mọ́ ọn, gìtá rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké títí ohùn fi rì sínú ariwo. Ọ̀pọ̀ orin ìfẹ̀hónúhàn ló máa ń sọ ohun tó yẹ kí olùgbọ́ ṣe. Eléyìí kò pàṣẹ. Ó fi ẹran kan tó kú hàn ọ́, ó sì jẹ́ kí ariwo parí ọ̀rọ̀.

Kì í ṣe gbogbo àwo náà ló dé ibẹ̀. "Pedestrian at Best" ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ mọ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń tú jáde bí omi páìpù tó bẹ́. Bí èèyàn bá gbọ́ ọ títí, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń sáré kí ìtumọ̀ má baà lé e bá. Kò sí ilé kan, kò sí irin ìdìmú, kò sí òkú séèlì tí ojú lè gbé lé. Lójú agbo ni mo ti gbà fún un. Lẹ́yìn tí àwo náà jáde, àwọn mẹ́ta péré ló ń rìn káàkiri ṣeré, òun, Bones Sloane tó ń ta béèsì àti Dave Mudie tó ń lu ìlù. Láìsí gìtá kejì, orin náà ní àyè láti mí, ariwo rẹ̀ sì di ìdùnnú. "Debbie Downer" kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ gbà. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, kò sí ohun tí àwo náà yóò pàdánù.

Àwọn adájọ́ ti sọ tiwọn: ẹ̀bùn orin mẹ́rin láti ARIA ilẹ̀ Ọsirélíà ní 2015, tí ọ̀kan jẹ́ ti àwòrán ẹ̀yìn àwo, àwọn àga tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà, pẹ̀lú Australian Music Prize ti ọdún kan náà, wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn Grammy. Gbogbo rẹ̀ tọ́ sí i. Síbẹ̀, nǹkan kan wà tí àwo náà kò rí, ó sì yẹ ká sọ ọ́.

"Aqua Profunda!" dá lórí odò ìwẹ̀ Fitzroy ní Melbourne, níbi tí olórin ti ń lúwẹ̀ẹ́ kí ẹnì kan lè rí i, tí òòyì sì kọ́ ọ. Odò ìwẹ̀ yìí ní ìtàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti kọ ìkìlọ̀ sí ògiri ibi tó jìn nínú rẹ̀, ní èdè Ítálì, nítorí ọmọ àwọn àjèjì tí wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tì í pa ní 1994, àwọn ará àdúgbò ló dúró tì í tí kò fi pa rẹ́. Fitzroy kan náà sì ni ibi tí àwọn Aborigine, àwọn tó ni ilẹ̀ kí òyìnbó tó dé, kóra jọ sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Níbẹ̀ ni wọ́n ti dá ilé ìwòsàn tiwọn sílẹ̀ ní 1973. Nígbà tí owó ilé ga, ọ̀pọ̀ nínú wọn kó lọ sí apá àríwá, sí Northcote, sí Preston. Ọ̀nà tí àwọn méjì inú "Depreston" gbà lọ wo ilé, àwọn wọ̀nyí ti gbà á ṣáájú wọn. Àwo tó rí agolo tíì kò rí wọn. Lójú tèmi, àléébù ni fún olórin tí ojú rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ka àwo eré ojú agbo tó ṣe ní Melbourne ní 2019, MTV Unplugged, mọ́ eléyìí bí apá kejì rẹ̀. Gìtá onígi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. "Depreston" ló fi bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni òun àti olórin Paul Kelly jọ kọ "Charcoal Lane", orin Archie Roach. Aborigine ni Roach. Wọ́n já a gbà lọ́wọ́ òbí rẹ̀ ní kékeré, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ṣe já ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ gbà lọ́wọ́ ìdílé wọn. Fitzroy ló ti rí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹbí rẹ̀ padà lẹ́yìn náà, ọ̀nà kọ̀rọ̀ kan ládùúgbò yẹn tí àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń jókòó, tí wọ́n ń mutí, tí wọ́n ń rántí ara wọn, ni orin náà dá lé. Ó gbé e jáde ní 1990, Kelly sì wà lára àwọn tó darí ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀. Roach kú ní 2022. Barnett kò fi gìtá rẹ̀ bo orin náà mọ́lẹ̀, kò fi ṣe ẹwà. Ó kọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ pé orin onílé ni. Nígbà tí orin méjèèjì bá wà nínú àwo kan, ilé Preston náà ní ìtàn tó gùn ju ti olóògbé inú rẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ Barnett, kó bẹ̀rẹ̀ láti "Depreston", kó tẹ̀ ẹ́ lọ dé "Kim's Caravan", kó fo "Debbie Downer" tó bá wù ú. Lẹ́yìn náà, kó gbọ́ àwo 2019. Àmọ́ kó tó gbọ́ "Charcoal Lane" níbẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, kó lọ wá ti Archie Roach fúnra rẹ̀ gbọ́ ná.