Ìrìn Ọjọ́ Sátidé ní Lọ́ńdọ̀nù

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ há ara rẹ̀ mọ́ yàrá ní Lọ́ńdọ̀nù ti pàdánù nǹkan ńlá. Àwọn tó ń jáde ni mo gbóríyìn fún, pàápàá àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì. Owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn ń san, á sì lè máa ti inú bọ́ọ̀sì kan bọ́ sí òmíràn láàárín wákàtí kan. Ẹ jókòó sí àjà òkè bọ́ọ̀sì, níwájú pátápátá.

Ẹ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ní British Museum, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tí wíwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ibẹ̀ ni orí idẹ Ifẹ̀ kan wà, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ lọ́dún 1938. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dúró níwájú rẹ̀, n kò lè kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀: adé orí rẹ̀, àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo ojú, ètè tó pa dé jẹ́ẹ́. Inú mi dùn, ó sì bàjẹ́, pé ọ̀nà jíjìn báyìí ni mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa.

Lẹ́yìn náà, ó di àdúgbò Peckham, níbi tí wọ́n ti ń ta iṣu, ata rodo àti èlùbọ́ ní òpópónà Rye Lane.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kàwé lọ́hùn-ún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi díẹ̀ kún owó ọkọ̀ rẹ̀.