Ikú Yá Ju Ẹ̀sín, Ṣùgbọ́n Ikú Ta Ni?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, nínú ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé wa yìí, eré wo la kọ tí ẹnì kan kì í lu àyà sọ pé "Ikú yá ju ẹ̀sín" nínú rẹ̀? Ọba á sọ ọ́, jagunjagun á sọ ọ́, àwa náà á sì pàtẹ́wọ́. Àwo orin kan wà tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò, nítorí pé orin kan wà nínú rẹ̀ tó bi òwe yẹn ní ìbéèrè tí àwa kì í bi í: ikú ta ni?

Orúkọ àwo náà ni The Vivaldi Album. Ilé-iṣẹ́ Decca ló gbé e jáde ní 1999, ó sì gba ẹ̀bùn Grammy ní 2001. Cecilia Bartoli ló kọrin inú rẹ̀. Ọmọ ìlú Róòmù ni, 1966 ni wọ́n bí i; akọrin ni bàbá àti ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló sì kọ́ ọ lórin. Irú ohùn tó ní ni wọ́n ń pè ní mezzo-soprano: ohùn obìnrin tó wà láàárín, tí kò ga fíofío, tí kò sì rinlẹ̀ jù. Àwọn tó ń lo ohun èlò fún un ni Il Giardino Armonico, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Milan ní 1985, tí Giovanni Antonini ń darí. Irú ohun èlò ayé ìgbà Vivaldi ni wọ́n ń lò, ìdí nìyẹn tí ìró fayolínì wọn fi máa ń ha díẹ̀, tí kì í dán bí èyí tí à ń gbọ́ nínú sinimá. Àríà ni orin inú àwo náà, ìyẹn orin àdákọ tí wọ́n yọ látinú ọ́pẹ́rà, eré orí ìtàgé tó jẹ́ pé orin ni àwọn òṣèré fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Antonio Vivaldi, àlùfáà onírun pupa ará Venice (1678–1741), ló kọ wọ́n.

Bí ẹ bá bi ẹni tó ti gbọ́ àwo yìí, eré tí obìnrin náà ń fi ohùn sá ni yóò kọ́kọ́ ròyìn. Ẹ ò lè dá a lẹ́bi. Àríà kan wà níbẹ̀ láti inú Bajazet (1735), tó ń sọ̀rọ̀ òkun tó ń ru. Ohùn Bartoli ń dà níbẹ̀ bí àgbàdo gbígbẹ tí wọ́n dà sórí páànù, hóró kan ò sì lẹ̀ mọ́ ìkejì. Òmíràn láti inú Griselda (1735) ń fò láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ọmọdé tó ń fo àkàbà. Ó dáa, mo gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi: ìyẹn kọ́ ni ojúlówó àwo yìí. Ojúlówó rẹ̀ ni àríà kan tó ń fà gbọ̀ọ̀rọ̀, tó gba bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí wọ́n ń pè ní "Gelido in ogni vena", láti inú ọ́pẹ́rà Farnace.

Ìtàn náà nìyí. Farnace jẹ́ ọba Pontus, ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Turkey lónìí. Àwọn ọmọ ogun Róòmù ṣẹ́gun rẹ̀. Ó rí i pé wọ́n lè kó aya àti ọmọ òun lẹ́rú, ló bá pàṣẹ fún Tamiri, ìyàwó rẹ̀, pé kí ó pa ọmọ wọn ọkùnrin, kí ó sì pa ara rẹ̀ tẹ̀lé e, kí ọwọ́ ọ̀tá má baà tẹ̀ wọ́n. Ikú yá ju ẹ̀sín, àbí? Tamiri ò lè ṣe é. Ó fi ọmọ pamọ́ sínú ibojì àwọn baba ńlá ọkọ rẹ̀. Farnace ò mọ̀. Ó gbà pé ọmọ ti kú, pé ẹnu òun ló pa á. Ohun tó ń kọ lórin nìyẹn: òtútù tó mú un wọ inú ẹ̀jẹ̀, ọmọ tó ń rí níwájú rẹ̀ bí òjìji, àti ìwà ìkà tó hù sí aláìṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ orin náà kò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Farnace. Metastasio, akéwì ará Ítálì, ló kọ ọ́ sínú eré Siroe fún bàbá mìíràn tó rò pé àṣẹ òun ti pa ọmọ òun. Bàbá kan ló gbà á lẹ́nu bàbá kejì.

Ẹ wá wo ohun tí Vivaldi ṣe sí i. Ní 1725, ó ti tẹ orin fayolínì mẹ́rin jáde lórí ìgbà mẹ́rin tí ọdún ní lọ́dọ̀ wọn. Ẹ ti gbọ́ wọn rí, bí ẹ ò tilẹ̀ mọ orúkọ wọn. Orin ìgbà ìrúwé wà níbẹ̀rẹ̀ àwo Bartoli yìí gan-an, nínú àríà kan láti inú Dorilla in Tempe, tí àwọn agberin ń fi ayọ̀ gbè é. Fún Farnace, ìbẹ̀rẹ̀ orin ìgbà òtútù ni Vivaldi mú: fayolínì ń ta ohùn kan náà léraléra, kúkúrú kúkúrú, bí ẹni tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Nínú orin fayolínì, òtútù ojú ọjọ́ ni. Níbí, òtútù inú ara ni, oòrùn kan ò sì lè lé e lọ.

Bartoli ò pariwo. Ó wọ inú orin bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ohun tí òun fẹ́ sọ. Ó yọ gbígbọ̀n kúrò nínú ohùn rẹ̀, ó jẹ́ kó gbẹ, kó tín-ín-rín. Irú àríà yìí ní ipa mẹ́ta: ti àkọ́kọ́, ti àárín, kí akọrin tó padà sí ti àkọ́kọ́, kó sì fi ọ̀ṣọ́ tirẹ̀ sí i. Ibi ìpadàbọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ akọrin ti ń ṣe fáàrí. Ohùn tó tún kéré sí ti tẹ́lẹ̀ ni Bartoli gbé padà síbẹ̀. Ọ̀ṣọ́ wà, àmọ́ ṣe ni ọ̀ṣọ́ náà ń gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹni tó ń sọ ọ́ ló ti yí padà, torí pé ó ti gbọ́ ara rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì bi mí pé kí ló kan obìnrin nínú ipa ọba o. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe Farnace ní Venice ní 1727, obìnrin ló ṣe ọba náà, Maria Maddalena Pieri lorúkọ rẹ̀.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Òwe "Ikú yá ju ẹ̀sín" dùn lẹ́nu ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lélẹ̀. Àmọ́ nígbà tí Farnace pàṣẹ, ẹ̀mí ọmọdé tí kò mọ ohun tí ẹ̀sín ń jẹ́ ló fi lélẹ̀. Àwọn àgbà wa yìí náà ló sọ pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lójú tèmi, òwe kejì yìí ni Bartoli ń kọ láìgbọ́ Yorùbá. Ká ní ó pariwo ni, akọni tí ìyà ń jẹ là bá pe Farnace. Nítorí pé ó rọra sọ ọ́, ohùn ẹni tó jẹ̀bi là ń gbọ́.

Nǹkan mìíràn wà tí kò kúrò lọ́kàn mi. Lẹ́yìn tí Vivaldi kú ní Vienna ní 1741, ọ̀pọ̀ ìwé orin rẹ̀ wà ní ìpamọ́, aráyé ò rí wọn. Ní 1926, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Salesian kan ní Piedmont fẹ́ ta ìwé àtijọ́, wọ́n sì ní kí ilé-ìkàwé ìjọba ní Turin wá díye lé wọn. Alberto Gentili, ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Turin, yẹ̀ wọ́n wò, ó bá Vivaldi níbẹ̀. Ilé-ìkàwé ò lówó tí wọn yóò fi rà wọ́n. Roberto Foà ló rà wọ́n fún wọn ní 1927, ó sì ní kí wọ́n fi orúkọ Mauro, ọmọ rẹ̀ kékeré tó ti kú, pè wọ́n. Ìdajì yòókù wà lọ́wọ́ ìdílé kan ní Genoa. Filippo Giordano rà á ní 1930, ní orúkọ Renzo, ọmọ tirẹ̀ tó kú ní kékeré. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Inú àwọn ìwé yìí ni orin Farnace ti jáde. Bàbá méjì tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n jẹ́ kí á gbọ́ orin bàbá tó rò pé òun pa ọmọ òun.

Àwo náà ní àbùkù. Níbi tí eré bá ti le jù, Bartoli máa ń ti èémí bọ àárín ohùn, ìró "h" wẹ́wẹ́ á máa yọ bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Èyí tó tóbi jùyẹn lọ ni pé irú àwo báyìí máa ń fa orin ya kúrò lára ìtàn. Nínú ọ́pẹ́rà náà, àwọn òǹwòran ti rí Tamiri tó ń fi ọmọ pamọ́. Wọ́n ń káàánú Farnace, ọkàn wọn sì balẹ̀. Ní ìparí, ọ̀tá bá ọ̀tá rẹ́, ọmọ wà láàyè. Nínú àwo, àríà yìí á tán, òmíràn á bẹ̀rẹ̀, ọmọ ò ní padà wá. Àbùkù ni, àmọ́ ó bọ́ sí rere fún orin kan ṣoṣo yìí: ó fi wá sí ipò Farnace gan-an, a ò mọ̀ ju ohun tó mọ̀ lọ.

Ẹ wá a gbọ́, kò ṣòro rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi etí sí ibi ìpadàbọ̀ yẹn dáadáa. Nígbà tí a bá sì tún fẹ́ kọ ọba tó ń lu àyà pé ikú yá ju ẹ̀sín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ọmọdé kan dúró níbẹ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀, kí á fún òun náà ní ọ̀rọ̀ sọ.