Asẹ́ tàbí Atẹ: Àyẹ̀wò Èdè tí a fi ń Ṣàlàyé Ìṣàyàn Ohùn nínú Rédíò Àtijọ́

Yàtọ̀ sí rédíò fúnra rẹ̀, orúkọ tí àwọn oníwèé àti àwọn oníròyìn wa ń pe ẹ̀rọ yìí ni asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà dùn, ó ní ẹ̀fẹ̀ nínú, ó sì bá ìlànà ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ Yorùbá mu, nítorí gbólóhùn odindi kan ni a sọ di ọ̀rọ̀-orúkọ. Bí a bá fi ojú gírámà nìkan wò ó, kò sí àléébù kan lára rẹ̀. Àríwísí tí iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣe sí i gba ibòmíràn wá. Orúkọ náà sọ ohun tí rédíò ń ṣe sí àwa tí a jókòó tì í. Kò sọ ohun tí rédíò ń ṣe sí àwọn ìgbì tó ń wọ inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ tó gba àwọn tó kọ́kọ́ ṣe rédíò ní ọpọlọ jù lọ kì í ṣe bí ẹ̀rọ náà yóò ṣe sọ̀rọ̀, bí kò ṣe bí yóò ṣe kọ etí ikún sí gbogbo ohùn yòókù kí ó lè gbọ́ ẹyọ kan. Èrò tí a óò gbé kalẹ̀ níwájú ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa ni pé èdè tí a fi ń ṣàlàyé rédíò ní Yorùbá ti gbájú mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, ó gbàgbé etí rẹ̀; àti pé nígbà tí a bá tilẹ̀ rántí etí náà, àfiwé tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu, ìyẹn asẹ́, a máa ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.

Kí a má baà fi ìwọ̀ǹba kan wọn ohun gbogbo, ó yẹ kí a gbà pé ìgbà kan wà tí asọ̀rọ̀mágbèsì ìbá bá ẹ̀rọ mu rẹ́gí. Ní ọdún 1935 ni ètò Rediffusion bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní 1939 ó dé Ìbàdàn. Ilé-iṣẹ́ tó ń darí ètò náà ni ó ń fi ẹ̀rọ ńlá gba ohùn BBC láti òkè òkun, wáyà ni ó sì fi ń pín in dé ilé àwọn tó ń san owó rẹ̀. Àpótí tó wà nínú ilé kò ní ohun tí a fi ń wá ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ohun tí onílé lè ṣe kò ju kí ó dín ariwo rẹ̀ kù tàbí kí ó pa á lọ. Ìṣàyàn ti parí kí ohùn tó wọ inú wáyà rárá, ẹlòmíràn ló sì bá onílé ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí rédíò tó ń gba ìgbì fúnra rẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́ dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá lẹ́yìn tí a dá Nigerian Broadcasting Service sílẹ̀ ní 1951, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ̀rọ yìí kò dúró de ẹni tí yóò bá a ṣà á. Orúkọ kò bá a yí padà.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ láti ilẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun jẹ́ ìlú méjì tí ilẹ̀ wọn pa ààlà, wọ́n sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Ìlobùú jẹ́ ibi tí a ti mọ Ṣàngó dáadáa, bàtá sì ni ìlù Ṣàngó. Ìfọ́n jẹ́ ti Òrìṣà Olúfọ́n, ìgbìn sì ni ìlù òrìṣà funfun. Ká ní ènìyàn dúró ní ojú ọ̀nà tó so ìlú méjèèjì pọ̀, tí bàtá ń dún lọ́wọ́ kan, tí ìgbìn sì ń dún lọ́wọ́ kejì. Kì í ṣe bàtá nìkan ni yóò wọ etí rẹ̀, kì í sì í ṣe ìgbìn nìkan. Méjèèjì ni yóò wọlé pọ̀, bí omi odò méjì tó ti pàdé. Bí ó bá fẹ́ gbọ́ ohun tí ìgbìn ń wí, inú ara rẹ̀ ni iṣẹ́ kù sí. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ wáyà tí a ta sórí òrùlé fún rédíò: gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ohùn jáde lákòókò kan náà ni wọ́n ń gba ojú rẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá ti tan rédíò onígílóòbù ní alẹ́ ní agbègbè yìí kò nílò àlàyé púpọ̀, nítorí pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìgbì alábọ́ọ́dé a máa rìn jìnnà ju ti ọ̀sán lọ: Faransé láti Kútọnu àti Hausa láti Kàdúná a sì máa jà sórí Yorùbá láti Ìbàdàn.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń yan ọ̀kan? Àwọn onílù mọ ìdáhùn náà kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ físíìsì. Bí a bá gbé ìlù méjì tí ohùn wọn dọ́gba sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí a lu ọ̀kan, awọ èkejì yóò máa gbọ̀n láìjẹ́ pé ọwọ́ kàn án. Bí ohùn wọn kò bá dọ́gba, ìgbọ̀n náà kò ní tó nǹkan. Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ ìlù kejì yìí nínú rédíò kò ju méjì lọ: wáyà bàbà tí a wé yípo, tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń pè ní kọ́ìlì, àti kàpásítọ̀, tí í ṣe awẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọn kò fara kan ara wọn. Nígbà tí a bá ń yí bọ́tìnnì níwájú rédíò àtijọ́, àwọn awẹ́ irin náà ni wọ́n ń wọ àárín ara wọn, tí wọ́n sì ń jáde. Oliver Lodge gba ìwé-àṣẹ lórí ìlànà yìí ní 1897. Marconi gba tirẹ̀, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 7777, ní 1900.

Ibí ni asẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀. A ní kọ́ìlì àti kàpásítọ̀ náà dà bí asẹ́: ó gba èyí, ó kọ ìyẹn. Ó dára bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìyá tó ń sẹ́ ògì. Ohun tí ojú asẹ́ bá gbà ti kọjá. Èyí tí kò gbà di eèrí, ó kù sókè. Bí ìyá náà bá tún da omi ògì tó ti sẹ́ sínú asẹ́ kan náà, kò sí eèrí tuntun tí yóò rí. Làálàá lásán ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi asẹ́ kọ́ rédíò yóò béèrè, ìbéèrè rẹ̀ yóò sì bọ́gbọ́n mu, pé kí ló dé tí àwọn tó ṣe rédíò ní nǹkan bí 1925 fi to kọ́ìlì mẹ́ta tí wọ́n dọ́gba délẹ̀délẹ̀ tẹ̀ léra wọn. Nínú èdè asẹ́, òmùgọ̀ ni wọ́n.

Ẹ wo bí ó ti rí gan-an. Ká ní ilé-iṣẹ́ tí a fẹ́ wà lórí 1000 kílóhẹ́ẹ̀sì, tí aládùúgbò rẹ̀ wà lórí 1010, tí agbára àwọn méjèèjì sì dọ́gba nígbà tí wọ́n wọlé. Ká tún ní kọ́ìlì wa dára tó bẹ́ẹ̀ tí òǹkà tí àwọn onímọ̀ ń fi lẹ́tà Q pè fi jẹ́ 100. Lẹ́yìn ìpele kan, bí ohùn tí a fẹ́ bá jẹ́ 100, ti aládùúgbò yóò ku nǹkan bí 45. Kò tíì lọ. Ìdajì rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kù. Lẹ́yìn ìpele kejì, tí kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́ rárá, yóò ku 20. Lẹ́yìn ìkẹta, 9. Èyí kì í ṣe ìṣe asẹ́. Ìṣe atẹ ni. Ẹni tó ń fi atẹ fẹ́ ọkà mọ̀ pé ìyàngbò kì í lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdá kan lọ ní ìjù àkọ́kọ́, irú ìdá bẹ́ẹ̀ nínú èyí tó kù lọ ní ìjù kejì, atẹ kan náà ni, afẹ́fẹ́ kan náà ni, síbẹ̀ ọkà ń mọ́ sí i. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó yẹ ìpele rédíò ni fẹ́, kì í ṣe sẹ́.

Àfiwé atẹ tún ń sọ òtítọ́ kan tí asẹ́ fi pamọ́, èyí sì kan àwa onímọ̀ èdè gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ ọkà ní àfẹ́jù, ọkà fúnra rẹ̀ yóò máa bá ìyàngbò lọ. Ohùn ènìyàn kì í dúró sójú kan lórí ìgbì. Ó máa ń tẹ́ sí ọ̀tún àti sí òsì rẹ̀, bí ohùn bá sì ti tinrín tó ni ó ń jìnnà sí àárín tó. Nínú ìṣirò tí a ṣe lókè yìí, apá ohùn tó jìnnà sí àárín ní kílóhẹ́ẹ̀sì 4 yóò ku 78 nínú 100 lẹ́yìn ìpele kan, ṣùgbọ́n 48 péré lẹ́yìn mẹ́ta. Kí ni Yorùbá ń pàdánù níbẹ̀? Kì í ṣe ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Ìgbọ̀n ọ̀nà ọ̀fun tó ń gbé ohùn ọ̀rọ̀ wa kì í sábà ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ẹ̀bá àárín ìgbì ni ó wà, kò sí atẹ tó lè fẹ́ ẹ dànù. Igbá, igba àti ìgbà yóò jáde bí wọ́n ti wọlé. Kọ́ńsónáǹtì ni ìyà ń jẹ. Èyí tó pọ̀ jù nínú ariwo s wà ní òkè kílóhẹ́ẹ̀sì 4. Ti ṣ bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí a bá gé òkè kúrò, sá àti ṣá yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan. Ó ṣeé ṣe kí ará Ìbàdàn, tí ẹ̀ka-èdè rẹ̀ kò fi ìyàtọ̀ sáàárín méjèèjì, má tilẹ̀ fura pé rédíò òun ní àrùn kankan.

Ìdí nìyí tí ìwé tí Stephen Butterworth kọ ní 1930 fi ṣe pàtàkì. Ó fi ìṣirò hàn bí a ṣe lè to àwọn ìpele, láìsọ gbogbo wọn di ìbejì ara wọn, kí orí ohun tí wọ́n gbà lè tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì já wálẹ̀ kíákíá. Ìyẹn ni pé ó wá ọ̀nà tí atẹ yóò fi súnmọ́ asẹ́. Ẹni tó bá ti pe ìpele kọ̀ọ̀kan ní asẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò lè mọ ohun tí Butterworth ń wá kiri.

A kò ní ṣe bí ẹni pé atẹ kò ní àléébù tirẹ̀. Atẹ kì í fi kún ọkà. Ìpele rédíò ń fi kún un. Lee de Forest ṣe fáàfù onírin mẹ́ta ní 1906, ṣùgbọ́n Edwin Armstrong ni ó rí i ní 1912 pé bí a bá dá díẹ̀ nínú ohun tó jáde nínú fáàfù padà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, agbára yóò pọ̀ sí i, ìṣàyàn yóò sì mú sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣàyàn àti ìfikún di ohun kan ṣoṣo níbí. Bí ìdápadà náà bá ti kọjá ààlà, rédíò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, yóò sì máa gbé ìgbì tirẹ̀ jáde láti da àwọn aládùúgbò láàmú. Ohun tó tún burú ni pé inú fáàfù fúnra rẹ̀ ni ìdápadà tí a kò pè a máa ti wá, èyí tí Hazeltine fi ìlànà Neutrodyne rẹ̀ dá lẹ́kun ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920. Nínú gbogbo iṣẹ́ ilé Yorùbá tí a mọ̀, a kò rí èyí tó ń fẹ́ nǹkan tó sì ń sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bẹ́ẹ̀ ni atẹ kò lè sọ ohun tí Armstrong ṣe ní 1918. Pẹ̀lú Q 100 kan náà, àyè tí ìpele kan ń gbà jẹ́ kílóhẹ́ẹ̀sì 6 lórí 600, ó sì di 15 lórí 1500, débi pé rédíò kan náà ń ṣàyàn dáadáa ní apá kan, ó sì ń ṣe gbàgẹ̀rẹ̀ ní apá kejì. Armstrong pa gbogbo ilé-iṣẹ́ dà sí ìwọ̀n kan ṣoṣo kí ó tó fẹ́ wọn. 455 ni ó wá wọ́pọ̀ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n rédíò tó ń lo 455, tí a yí sí 600, yóò fi 1055 ṣe ìpadà, 1510 náà sì jìnnà sí 1055 ní 455. Bí ìpele àkọ́kọ́ kò bá lágbára, ohùn 1510 yóò yọjú níbi tí kò ti yẹ, bí òjìji ẹni tí kò sí nílé.

Kí ló kàn wá nínú èyí? Ètò Ọdún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa darí, tó bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́dákẹ́kẹ́ ní 1970, ti fi hàn pé ọmọ lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 pèsè ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Bí a bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ fún ẹ̀rọ, àbá tiwa ni pé kí a dán ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò nípa bíbéèrè irú ìrònú tí yóò mú akẹ́kọ̀ọ́ ṣe, kí a má ṣe wo bí ó ti dùn lẹ́nu nìkan. Asẹ́ kùnà ìdánwò náà ní ìpele kejì. Fẹ́ yege, àmọ́ a mọ̀ pé ẹni tó bá kọ ‘ìpele ìfẹ́’ sínú ìwé ẹ̀rọ yóò pa kíláàsì lẹ́rìn-ín, àwa kò sì tíì rí ọ̀rọ̀-orúkọ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rín náà.

Ohun tó wú wa lórí jù ni pé àwọn tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ kankan nípa ẹ̀rọ ti sọ ọ́ dáadáa jù wá lọ. Nínú ilé, a kì í gbọ́ ‘asọ̀rọ̀mágbèsì kò sọ̀rọ̀’. Ohun tí à ń gbọ́ ni, ‘Bá mi wá Ìbàdàn,’ tàbí, ‘Rédíò yìí kì í mú Ìbàdàn lálẹ́.’ Wá àti mú: iṣẹ́ ọdẹ ni wọ́n ka rédíò sí, ẹran kan ṣoṣo ni ọdẹ náà sì ń lé nínú agbo.