Kùmọ̀ Kàkó àti Àdó Àkàrà-Ògùn: Ta Ni Yóò Jókòó Lásán?

Ní ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré kan jáde ní Amẹ́ríkà, wọ́n pè é ní Dungeons & Dragons. Eré náà kò nílò ọpọ́n bíi ti ayò, ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn tó ń ṣeré á jókòó yí tábìlì ká, oníkálukú á máa sọ ohun tí akọni tirẹ̀ ń ṣe, ẹnì kan á máa darí ìtàn, dáìsì ni yóò sì pinnu bóyá ohun tí ènìyàn dáwọ́ lé yóò bọ́ sí i. Ẹni tó bá ti jókòó rí níbi tí wọ́n ti ń pa àlọ́ kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n.

Àléébù kan wà lára eré yìí tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò tíì bá ara wọn jà tán lé lórí. Jagunjagun wà nínú rẹ̀, olóògùn náà sì wà. Nínú ìwé òfin 1974, olóògùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọfọ̀ kan ṣoṣo lóòjọ́, kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀wù irin, ọ̀bẹ kékeré nìkan ló sì lè mú dání. Ẹ̀yìn jagunjagun ló ń sá sí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń gòkè ní ìpele, ọ̀rọ̀ á yí padà. Nínú ìwé tó jáde ní 2014, jagunjagun tó dé ìpele ogún, tí í ṣe ìpele ìkẹyìn, lè ṣá ọ̀tá nígbà mẹ́rin bí ó bá kàn án. Olóògùn ẹgbẹ́ rẹ̀, láti ìpele kẹtàdínlógún, ti lè ní ọfọ̀ tí wọ́n ń pè ní Wish, tó jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kí ohunkóhun tó bá wù ú má ṣẹ. Ẹ fi méjèèjì wéra. Ọ̀kan ń gé igi nígbà mẹ́rin, èkejì ń ní kí igbó má sí mọ́.

Àwọn tó ni eré náà gbìyànjú àtúnṣe ní 2008. Wọ́n fún jagunjagun ní àwọn agbára tirẹ̀, wọ́n tò wọ́n bí wọ́n ṣe to ti olóògùn: èyí tó lè lò nígbàkigbà, èyí tó wà fún ìjà kọ̀ọ̀kan, èyí tó wà fún ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Wọ́n dọ́gba lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní gbogbo wọn ti di ọ̀kan náà. Ní tèmi, kò yà mí lẹ́nu. Bí a bá fún àgbẹ̀ àti alágbẹ̀dẹ ní irinṣẹ́ kan náà, ọ̀kan nínú wọn ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Èmi ni mo ń darí eré fún ẹgbẹ́ wa ní Ajílósùn níbí ní Adó-Èkìtì. Àwa mẹ́fà ni, dáìsì lúdò méjì la fi ń ṣe é ní ọ̀sán Sátidé. Ẹni tó bá mú jagunjagun ló máa ń kọ́kọ́ rántí pé ìyá òun rán òun níṣẹ́ sí Ọjà Ọba. N kò dá a lẹ́bi. Tí ẹlòmíràn bá ti fi gbólóhùn kan parí ìjà, kí ni ó kù tí yóò ṣe? Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ká fi ìwé òfin òyìnbó sílẹ̀ ná, ká lọ wo bí D. O. Fágúnwà ṣe yanjú rẹ̀ nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tó jáde ní 1938, ọdún mẹ́rìndínlógójì ṣáájú eré àwọn ará Amẹ́ríkà.

Ọdẹ méje ló ń lọ sí Òkè Láńgbòdó nínú ìwé náà. Kàkó ní kùmọ̀ ẹkùn. Ẹ̀fọ́ìyẹ́ jẹ́ tafàtafà. Olóhùn-iyọ̀ ń kọrin. Ẹlẹ́gbẹ́dẹ-Ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko. Àràmàdà-Ọkùnrin ń ṣe òdìkejì gbogbo ayé: bí ooru bá ń mú ènìyàn, òtútù ló ń mú òun. Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n, ó ní oògùn, ó tún jẹ́ ọdẹ. Ẹni keje ni Àkàrà-Ògùn tó ń sọ ìtàn náà, ọmọ ọdẹ tí àdó oògùn rẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún, ọmọ ìyá tó jẹ́ àjẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé Fágúnwà kò pín wọn sí jagunjagun àti olóògùn. Ọdẹ ni gbogbo wọn. Àkàrà-Ògùn gan-an, ìbọn àti àdá kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ilẹ̀ wa. Nígbà ogun Kírìjí, tí Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ògèdèǹgbé kó Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jọ dojú kọ Ìbàdàn, tí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886, ta ni yóò dúró lójú ogun kó sọ pé idà nìkan ni tòun, oògùn kò kan òun? Oǹdè ń bẹ lọ́rùn ẹni tó gbé ìbọn. Síbẹ̀ wọn kò fi oǹdè rọ́pò ìbọn: àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ra ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé, ìyẹn sì wà lára ohun tó jẹ́ kí Èkìtìparapọ̀ lè dúró. Ògiri tí Gygax mọ sáàárín àwọn méjèèjì, òun gan-an ló bí ẹjọ́ tí wọ́n ń rò láti ìgbà náà.

Ohun kejì ni pé oògùn máa ń kọ̀ nínú ìwé Fágúnwà. Ọmọ ẹlẹ́gbẹ̀rún àdó yìí kan náà ni iwin mú nínú ìrìn-àjò rẹ̀ àkọ́kọ́, tó gùn bí ẹṣin. Nínú eré òyìnbó, olóògùn á sùn di àárọ̀, gbogbo ọfọ̀ rẹ̀ á ti padà. Oògùn Yorùbá kò rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní èèwọ̀, ó ní ẹ̀rọ̀, ó ní ohun tí a gbọdọ̀ wá kí a tó sè é, ọfọ̀ sì gbọ́dọ̀ ti ẹnu jáde pé pérépéré.

N kò sọ pé Fágúnwà ṣe é láìkù síbì kan. Ìmọ̀dòye ti pọ̀ jù: nǹkan mẹ́ta tí à bá pín fún ẹni mẹ́ta, òun nìkan ló ni ín. Ti Kàkó sì burú. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn pé kó má lọ, ṣe ló pa á. Ọmọ tó mú Kàkó nínú ẹgbẹ́ wa ka ojú ìwé yẹn, ó pa ìwé dé, ó béèrè pé ṣé ohun tí agbára wà fún nìyẹn. Ìbéèrè rẹ̀ ju ti dáìsì lọ.

Òfin mẹ́ta la wá ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ pe ọfọ̀ gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ hun ún ní Yorùbá kó sì pè é sókè. Bó bá kólòlò, tàbí tó bọ́ sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò jẹ́. Oògùn kọ̀ọ̀kan ní èèwọ̀, ọ̀tá sì lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti Kàkó: ìjà kọ̀ọ̀kan tó bá ja láìṣẹ ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ fún un ní ìlà oríkì kan, àwa ẹgbẹ́ rẹ̀ la ó kì í, ìlú tó bá sì ti gbọ́ oríkì rẹ̀ yóò ṣílẹ̀kùn fún un. Kò sí ọfọ̀ tó lè ṣe ìyẹn.

Bàbá ọ̀kan nínú wa gbọ́ "oògùn" láti yàrá kejì, ó ní ká dá eré náà dúró. Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó gbà pé oògùn lè sọ ènìyàn di olówó láàárọ̀ ọjọ́ kan wà ní àdúgbò gbogbo. Ṣùgbọ́n eré tí ọfọ̀ ti ń borí nígbà gbogbo ni ó yẹ kó bẹ̀rù. Ó jókòó tì wá, ó rí i bí ọmọ rẹ̀, tí kì í fẹ́ dáhùn ní Yorùbá nílé, ṣe ń wá ọ̀rọ̀ tó bá "ewé" mu kí ọfọ̀ rẹ̀ lè pé. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tó ṣe, òun náà sọ ọ̀rọ̀ kan fún un.

Kàkó kò tún lọ sọ́jà ní Sátidé mọ́. Ìṣòro tó kù kì í ṣe ti jagunjagun tàbí olóògùn rárá, ti Àràmàdà-Ọkùnrin ni. Nítorí pé òdìkejì ni tirẹ̀, a ní kí dáìsì tó burú fún gbogbo ayé dára fún un. Ọmọbìnrin tó kéré jù láàárín wa ló mú un, ó sì ti borí ìjà mẹ́ta léra wọn. Báyìí, àwọn mẹ́rin tó kù ti sọ pé Àràmàdà làwọn fẹ́ jẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.