Kámẹ́rà Tó Ń Yíjú: Sudek àti Ìlú Prague

Gbogbo wa nirú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí. A fẹ́ ya gbogbo ẹbí pọ̀ níbi ìgbéyàwó, a yí fóònù láti òsì sọ́tùn-ún, ìgbà tá a máa wo fọ́tò, ọwọ́ ẹnì kan ti pòórá, ọmọ kékeré kan sì ti di olórí méjì. A rẹ́rìn-ín, a pa á rẹ́. Àwòrán púpọ̀ ni fóònù yà, tó wá lẹ̀ wọ́n pọ̀ bíi pé ẹyọ kan ni. Ojú ibi tó ti lẹ̀ ẹ́ ló tú u fó.

Ìdí nìyẹn tí ìwé Josef Sudek, Praha panoramatická, tó jáde ní 1959, fi wù wá tó báyìí. Prague, ìlú tí Sudek fúnra ẹ̀ ń gbé, ló yà látòkèdélẹ̀. Àwòrán 284! Ká sọ òótọ́, ó pọ̀ jù. Àwọn ojú ewé kan wà tá a kàn ṣí kọjá ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wo irinṣẹ́ ẹ̀ ná. Kámẹ́rà Kodak àtijọ́ ni. Lẹ́ǹsì ẹ̀ ń yí láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, fíìmù sì tẹ̀ bí ọrun lẹ́yìn ẹ̀ nínú àpótí. Ihò tóóró ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ kan àwòrán ti wọlé tán kí èkejì tó dé. Ẹni tó bá ń rìn bá lẹ́ǹsì lọ á fẹ̀. Ẹni tó ń rìn pàdé ẹ̀ á fún pọ̀. Ògiri tó tọ́ gbọnrangandan á yọ ikùn síta láàárín. Kò sí lílẹ̀ níbẹ̀ rárá: àkókò ni ẹ̀ ń wò yẹn, tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní.

Ogun Àgbáyé Kìíní ti gba apá ọ̀tún Sudek. Àwọn kan máa ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìyìn wọn, àwa ò fẹ́ ìyẹn. Àánú kọ́ ló gbé àwòrán wọ̀nyí ró. Ibi tó ń dúró sí ni. Kò sá fún títẹ̀ yẹn, ó ń lò ó ni: ògiri a sún mọ́ wa, odò Vltava a yí lọ.

Fíìmù náà gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30, ó ga ní 10 péré. Lójú fóònù, ńṣe ló máa ń rí tín-ín-rín bí okùn bàtà. Ẹ fi ìka fẹ̀ ẹ́, etí ẹ̀ méjèèjì á jáde lọ. Nínú ìwé gan-an, orí la fi ń yí wò ó, díẹ̀díẹ̀, bí lẹ́ǹsì ọ̀hún ṣe yí.