Lẹ́yìn "A Ti Gba Ọ́dà Yín"

Obìnrin kan wà nínú dánfó láti Ìgàndó lọ sí Ìkòtún, ó ń ra aṣọ ankara lórí fóònù lọ́wọ́ ìsọ̀ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Nẹ́tíwọọ̀kì ń wá, ó ń lọ. Ó tẹ bọ́tìnnì, kí kọ̀ńdọ́ tó gbowó lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì í, ìdáhùn ti dé: "A ti gba ọ́dà yín." Ó ju fóònù sí àpò, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ rèé, iṣẹ́ ṣì kù nílẹ̀. Ímeèlì kò tíì lọ, ẹni tó ni ìsọ̀ kò tíì gbọ́, ẹni tí yóò gbé ọjà kò tíì mọ̀. Ẹni tó kọ kóòdù ìsọ̀ náà ló mọ̀ọ́mọ̀ dá oníbàárà sílẹ̀ kó máa lọ, kí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún ìsọ̀ náà, wá gbájú mọ́ ìyókù. Iṣẹ́ ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ yìn.

Ní 1993, Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí ènìyàn ṣe ń lo kọ̀ǹpútà, kọ ọ́ pé bí ìdáhùn kọ̀ǹpútà bá ti kọjá ìṣẹ́jú àáyá 1, ọkàn ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò níbẹ̀. Bó bá kọjá 10, ó ti bá nǹkan mìíràn lọ. Nínú dánfó, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: nẹ́tíwọọ̀kì lè já, oníbàárà á tún bọ́tìnnì tẹ̀, ọ́dà á di méjì, ìjà á sì dé.

Ẹ wá wo bí ọlọ́wọ́ pípé ṣe ń ṣe é. Ó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọjà náà wà. Lẹ́yìn náà, ó kọ ọ́dà sílẹ̀ nínú ibi ìpamọ́ dátà, ó sì kọ àwọn iṣẹ́ tó kù tì í lẹ́ẹ̀kan náà, débi pé bí ọ̀kan kò bá wọlé, èkejì kò ní wọlé. Ìgbà yẹn ló tó dáhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni télọ̀ gidi ń ṣe: kì í dá oníbàárà dúró títí aṣọ yóò fi parí. Á wọn ara oníbàárà, á kọ ọ́ sínú ìwé, ó di ọjọ́ tí wọ́n dá. Ẹni tí kò mọṣẹ́ kóòdù á fi àwọn iṣẹ́ tó kù sínú mẹ́mọ́rì lásán. Bí sáfà bá kú tó tún jí, gbogbo rẹ̀ ti pa rẹ́.

PHP, èdè kan tí a fi ń kọ kóòdù, ní àṣẹ kan, fastcgi_finish_request, tó ń jẹ́ kí ìdáhùn máa lọ nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lẹ́yìn. Ó dára fún iṣẹ́ kékeré. Iṣẹ́ tó wúwo la máa ń tò sórí ìlà fún ètò mìíràn, bíi Celery pẹ̀lú Redis, tí àwọn méjèèjì jáde ní 2009.

Paystack, ilé-iṣẹ́ ìsanwó lórí ayélujára tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2015, ti fi èyí ṣe ìlànà: bó bá fi ìròyìn owó ránṣẹ́ sí sáfà yín, ẹ kọ́kọ́ dáhùn, kí ẹ tó ṣe iṣẹ́ tó gùn. Bí kò bá gbọ́ yín, á tún un rán ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta nígbà mẹ́rin, lẹ́yìn náà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan fún wákàtí 72. Nítorí náà ìròyìn kan lè dé lẹ́ẹ̀mejì. Ibí yìí ni mo ti gba fún ọlọ́wọ́ pípé jù lọ: ó so nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìsanwó náà mọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí ìkejì bá dé, kóòdù á rí i pé a ti ṣe é, á fò ó. Rìsíìtì kan ṣoṣo ni oníbàárà yóò rí.

Bí ímeèlì bá kọ̀ láti lọ, kóòdù á dúró díẹ̀, á tún gbìyànjú, á dúró pẹ́ sí i. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, á yà á sọ́tọ̀ kí ènìyàn wá wò ó. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ kóòdù ní Alímọ̀ṣọ́, kò sí ẹni tí kò lè dáhùn kíákíá. Ṣùgbọ́n kí kóòdù yín tó sọ pé "a ti gbà á," ẹ rí i dájú pé ẹ ti gbà á lóòótọ́.