Ìdánwò IELTS àti Ọdún Méjì Ìwúlò Èsì Rẹ̀: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́

Ìfáárà

Láti ọdún 1989 ni a ti ń fi ìdánwò IELTS ṣe òdiwọ̀n ìmọ̀ àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè àbínibí wọn. Gbígbọ́, kíkà, kíkọ àti sísọ ni ó ń gbé yẹ̀ wò. 9 sì ni máàkì tó ga jù lọ. Ìlànà kan ṣoṣo ni iṣẹ́ yìí dá lé: àwọn olùṣàkóso rẹ̀ dámọ̀ràn pé kí èsì náà wúlò fún ọdún méjì péré.

Ìdí Ìlànà Náà

Àlàyé wọn ni pé èdè àkọ́kúntẹni a máa ṣá bí a kò bá lò ó. Òdodo ọ̀rọ̀ ni èyí. Àdá tí a kò lò a máa dógùn-ún.

Ibi Tí Ó Kù Sí

Ṣùgbọ́n ta ni kò lo àdá tirẹ̀? Ní Nàìjíríà, Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba, òun náà ni a sì fi ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama àti yunifásítì. Olùkọ́ tó gba 7.5, tó sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni fún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ṣe ni àdá tirẹ̀ ń mú sí i. Síbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tó bá fi ọjọ́ nìkan ṣe òdiwọ̀n èsì ń fi ojú kan náà wo òun àti ẹni tó pa Gẹ̀ẹ́sì tì. Ọjọ́ ni ó ń kà. Kò ka ìlò sí. Bẹ́ẹ̀ ìlò gan-an ni a gbé àlàyé ìlànà náà kà.

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa tó yege nínú Gẹ̀ẹ́sì kò lè kọ ìpínrọ̀ kan kó já gaara. A kò jiyàn. Àwa olùkọ́ ni ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ìdánwò àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí gbè lẹ́yìn, kò gbe èkejì. Owó ìdánwò kan ṣoṣo sì ju 70,000 náírà lọ, èyí tí í ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin ọdún 2024 fọwọ́ sí.

Ìgúnlẹ̀

Ìmọ̀ràn ni ọdún méjì yìí lọ́dọ̀ IELTS. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gba èsì lè yan iye ọdún tí yóò fara mọ́. Èrò wa ni pé kí ẹ̀rí ìlò, bí i ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ tàbí ti iṣẹ́ tí a fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe, máa fi kún ọjọ́ èsì àtijọ́. Ẹni tí àdá rẹ̀ ń dán lójoojúmọ́, kí a má ṣe ní kó wá ra òmíràn.